Ìmọ́tótó Àṣejù Ló Ń Pa Ọmọ Edé

Bí ọmọ edé bá ti ń kú nínú táǹkì gíláàsì, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ènìyàn máa ń dá: omi dọ̀tí. Ẹni tó ta edé á ní kí wọ́n pààrọ̀ omi. Ọ̀rẹ́ tó ń sin ẹja á ní kí wọ́n kó òkúta jáde, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ará ilé tó bá rí ewé tó ń jẹrà nísàlẹ̀ omi á yínmú, á ní kí ló fẹ́ yè nínú irú omi báyìí. Olóhun á gbọ́ tiwọn, á da omi nù, á fọ gíláàsì títí yóò fi máa dán, á sì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Nígbà tó bá ṣe, abo mìíràn á tún gbé ẹyin, ọmọ á tún jáde, wọn á sì tún kú tán.

Ẹjọ́ yìí kò tọ́, ó sì ti tó àkókò láti yí i padà. Nínú táǹkì tí àgbà edé ti ń jẹ, tí wọ́n ń yé ẹyin, tí ọmọ kò sì dàgbà, ọwọ́ tó ń fọ̀, tó ń nù, tó ń pààrọ̀ omi láìsinmi ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Ohun tí wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí oògùn gan-an ló ń fa àìsàn.

Edé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni èyí tí àwọn olùsìn káàkiri ayé ń pè ní cherry, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Neocaridina davidi. Ìlà oòrùn Éṣíà ni orírun rẹ̀, ní Ṣáínà, Taiwan àti Kòríà. Nínú odò, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, kí ọ̀tá má baà tètè rí i. Àwọn olùsìn ló ń ṣa èyí tó pupa jù, tí wọ́n ń mú un gun ara wọn láti ìran dé ìran, títí ó fi di pupa fòò. Abo tó dàgbà kì í gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, akọ sì kéré sí i. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn, ọdún kan sí méjì ni, ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bí i, òun náà ti lè bímọ.

Kò sí ìṣòro kankan nínú mímú un bímọ. Ẹyin tó wà nínú abo máa ń hàn láti ìta gẹ́gẹ́ bí àmì kan lórí ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn olùsìn ń pè ní gàárì. Bí abo náà bá bọ́ ìkarahun àtijọ́ sílẹ̀, òórùn kan á jáde lára rẹ̀ sínú omi, àwọn akọ á sì máa sáré kiri inú táǹkì bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gùn, ẹyin bíi 20 sí 30 á bọ́ sábẹ́ ikùn abo. Yóò máa fi àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ fẹ́ ẹ tọ̀sán-tòru kí afẹ́fẹ́ lè dé ara wọn, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n bá pa, edé pátápátá ló ń jáde: orí, ojú, ìwo àti ẹsẹ̀ ti pé, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2. Kò sí pé ó kọ́kọ́ ń léfòó bí ìdin. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti ń rìn.

Kí ló wá ń pa á?

Ebi ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nínú omi tó mọ́ gaara. Àgbà edé lè gbọ́ òórùn oúnjẹ láti ìkángun táǹkì kí ó rìn lọ bá a. Ọmọ mìlímítà 2 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá wà ló ti ń jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ máa jẹ ní gbogbo ìgbà. Oúnjẹ kan ṣoṣo tó lè bá a níbikíbi tó bá wà ni awọ yíyọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń bo òkúta, igi, ewé àti gíláàsì tó ti pẹ́ nínú omi. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkúta odò mọ̀ ọ́n. Nínú awọ yẹn ni bakitéríà wà, ewé tí ojú lásán kò lè rí, olú tíntìntín, àti àwọn ẹranko tó kéré ju eruku lọ. Èyí ni ọmọ edé fi ń ṣe oúnjẹ òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ẹni tó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta ti gbá oúnjẹ ọmọ ọ̀sẹ̀ kan dà sí gọ́tà.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí èrò fífọ̀ yìí ti wá, nítorí kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, omi tó dúró sójú kan ti di ọ̀tá tipẹ́tipẹ́. Wolé-wolé máa ń wọ agboolé, á ṣí ìkòkò omi, á wò ó bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Bí ó bá rí i, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ìjọba ológun tó gorí àlééfà ní ìparí ọdún 1983 tún sọ ìmọ́tótó àyíká di ọ̀ranyàn, tí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù fi di ọjọ́ ìgbálẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ibà ń pa ọmọdé, ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, omi adágún sì ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹ̀kọ́ yẹn tọ̀nà lórí ìkòkò àti gọ́tà. Ibi tó ti ṣì ni nígbà tí wọ́n gbé e wọ inú táǹkì edé láìyí nǹkan kan padà. Táǹkì tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń mi ojú omi rẹ̀, tí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì tàbí ìdérí bò, kò fún ẹ̀fọn láyè. Ẹni tó bá ti ṣe èyí ti san gbogbo gbèsè tó jẹ wolé-wolé. Òkúta inú omi kò sí lára gbèsè náà.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀rí kan tó lágbára, kò sì yẹ kí a fojú fò ó: amóníà. Edé ń tú u jáde láti inú ara rẹ̀, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń sọ ọ́ jáde, òkú ẹranko náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ péré nínú rẹ̀ tó láti pa ọmọ edé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìbéèrè tí wọn kì í béèrè ni ẹni tó ń mú amóníà yìí kúrò nínú omi.

Bakitéríà ni. Oríṣi kan ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé. Oríṣi kejì ń sọ nitrite di nitrate, tí agbára ìpalára rẹ̀ kéré púpọ̀, tí ewé inú omi sì lè fà mu. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í fò kiri inú omi. Ara nǹkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́: ara fóómù inú ẹ̀rọ asẹ́, ara òkúta, ara iyanrìn, ara awọ yíyọ̀ kan náà tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí. Wọn kì í tètè pọ̀. Táǹkì tuntun máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí iye wọn tó tó. Ẹni tó bá se òkúta lórí iná, tó sì fún fóómù mọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ní kílórínì, ti lé gbogbo òṣìṣẹ́ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, amóníà á gòkè, edé á kú, olóhun á sì sọ pé òun kò fọ̀ ọ́ tó. Bí àṣìṣe náà ṣe ń rí ẹ̀rí tuntun fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rí tó tako èrò yìí ti wà nílẹ̀ ó lé ní àádọ́jọ ọdún. Robert Warington, oníkẹ́mísírì ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹja góòlù méjì àti ewé omi kan tí wọ́n ń pè ní Vallisneria sínú àwo gíláàsì, ó sì gbé àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1850. Nígbà tó yá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, nǹkan àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bo gíláàsì, omi sì dàrú. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn olùfọ̀ òde òní ló wà níbẹ̀, wọ́n á ti dà á nù. Ìgbín inú omi ni Warington mú, ó jù ú sí i. Ìgbín náà jẹ ewé tó rà, ó jẹ èyí tó ń yọ̀, omi sì là. Ewé ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́, ìgbẹ́ ẹja ń bọ́ ewé, ìgbín ń palẹ̀ èyí tó kù mọ́. Orí àbọ̀ ìwádìí yẹn ni àṣà fífi gíláàsì sin ẹja nínú ilé gbé dìde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1999, Diana Walstad, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ńlá kan lórí táǹkì tí erùpẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ewé pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọn kì í sì í sábà pààrọ̀ omi rẹ̀. Àìmọye ènìyàn ló ń sin edé lọ́nà yẹn lónìí, tí ọmọ sì ń kún táǹkì wọn.

Omi pípààrọ̀ náà burú púpọ̀ fún ọmọ edé, nítorí edé kì í dàgbà láìbọ́ ìkarahun. Àgbà lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bọ́ ọ. Ọmọ kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra ló ń bọ́ tirẹ̀. Inú omi ló ti ń rí kálísíọ̀mù àti àwọn èròjà tó fi ń kọ́ ìkarahun tuntun. Bí wọ́n bá da ìlàjì omi nù, tí wọ́n sì da omi mìíràn sí i lẹ́ẹ̀kan náà, èròjà inú omi á yí padà lójijì, ooru rẹ̀ náà á yàtọ̀. Edé tí kò tíì múra tán lè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìkarahun ní àìtọ́jọ́, kí ó há sínú rẹ̀, kí ó sì kú síbẹ̀. Abo tó gbé ẹyin lè bọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹyin lára, gbogbo ìran yẹn á sì bá ìkarahun lọ.

Ibi tí omi ti wá náà ṣe pàtàkì. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, nítorí ó gba inú òkúta ẹfun kọjá, edé yìí sì fẹ́ràn rẹ̀. Omi Mánṣẹ́sítà kò le rárá. Láti ọdún 1894 ni wọ́n ti ń fa omi wá síbẹ̀ láti adágún Thirlmere ní àgbègbè olókè. Ọmọ Yorùbá tó bá kó láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Mánṣẹ́sítà, tó da omi ẹ̀rọ ibẹ̀ sórí edé rẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, á kàn rí òkú ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ omi tún ti fi klórámáìnì dípò kílórínì. Kílórínì á fò lọ bí omi bá wà nínú báàkẹ́tì tó ṣí fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n klórámáìnì kò ní fò lọ, àfi kí wọ́n fi oògùn tó ń pa á sí i. Ẹni tó ń lo kànga tàbí bọ̀hóòlù bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì bí wọn kò bá fi kẹ́míkà sí i, síbẹ̀ kò mọ iye èròjà tó wà nínú rẹ̀ àfi bó bá wọ̀n ọ́n.

Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan omi títí ayé. Kí wọ́n kàn fi omi rọ́pò èyí tó bá gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀ tó, kí wọ́n sì jẹ́ kó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀ láti inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Fóómù tó bá dí, inú omi tí wọ́n bù láti inú táǹkì náà ni kí wọ́n ti fún un wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀ka kejì èrò tó gbòde náà ni pé, bí ọmọ bá ń kú, oúnjẹ ni kí wọ́n fi kún. Àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun inú ike kékeré fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Oúnjẹ tí edé kò jẹ tán á rà, amóníà á gòkè, àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè á sì dé. Kòkòrò pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní planaria á máa wọ́ lórí gíláàsì lóru. Hydra, tó ní ọwọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń ta bí esinsin, á lẹ̀ mọ́ ewé, á máa mú ọmọ edé tó bá ń kọjá. Olóhun tó fẹ́ bọ́ ọmọ ti bọ́ àwọn tó ń pa ọmọ jẹ. Oúnjẹ tí àgbà lè jẹ tán láàárín wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó fún táǹkì tó ti gbó.

Ohun tó dára ju ìyẹ̀fun lọ wà nílẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, tí wọ́n ń gbá dànù láràárọ̀. Ewé igi fúrúùtù ni, Terminalia catappa. Àwọn olùsìn edé ní Yúróòpù ń fi owó ra ewé gbígbẹ yìí nínú ọ̀rá, ewé mélòó kan péré nínú ọ̀rá kan. Bí ó bá wọ omi, á rì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, omi á pọ́n díẹ̀ bíi tíì, bakitéríà àti olú á sì bò ó. Ọmọ edé á kó jọ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa jẹ ẹ́ títí yóò fi ku egungun ewé nìkan. Ewé yẹn jẹ́ oúnjẹ, ó tún jẹ́ ibi ìsádi. Àwọn ewé tó léfòó náà wúlò: gbòǹgbò ojú oró gùn, ó sì pọ̀ bí irun, ọmọ edé á sì máa há sáàárín rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá sọ ewé tó rà nísàlẹ̀ táǹkì di ẹ̀gbin ti fi ojú ilẹ̀ pálọ̀ wo ilẹ̀ odò. Kí ẹni tó bá ṣa ewé náà ṣáà ti rí i pé wọn kò fín oògùn kankan sí ìdí igi rẹ̀.

Àwọn alátakò máa ń na ọwọ́ sí Takashi Amano, ayàwòrán ọmọ Jàpáàn tó kú ní ọdún 2015, tí àwòrán táǹkì rẹ̀ tó kún fún ewé gba gbogbo ayé kan. Wọ́n á ní omi rẹ̀ mọ́ bí afẹ́fẹ́, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, edé rẹ̀ kò sì kú. Òótọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ti ń lo edé kan láti jẹ nǹkan yíyọ̀ kúrò lára ewé rẹ̀, edé náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí: Caridina multidentata ni orúkọ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n edé Amano kì í tọ́ ọmọ nínú irú táǹkì bẹ́ẹ̀. Abo á gbé ẹyin tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ọmọ á jáde bí ìdin tó ń léfòó, wọ́n á sì kú tán láàárín ọjọ́ díẹ̀ nítorí pé omi iyọ̀ ni wọ́n nílò. Odò ló ń gbé wọn lọ sí òkun, níbi tí wọ́n ti ń dàgbà kí wọ́n tó padà. Táǹkì tí ọmọ kò lè dàgbà nínú rẹ̀ kò lè jẹ́rìí nípa ọmọ títọ́.

Ìtàn edé ńlá tí àwọn apẹja ń mú nínú odò Ògùn àti ọ̀sà Èkó, Macrobrachium vollenhovenii, bá èyí mu. Abo rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí omi dídùn ti pàdé omi iyọ̀ kí ọmọ lè yè. Ní Malaysia, Shao-Wen Ling tó ń bá FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé, ṣiṣẹ́ rí ọmọ ìbátan rẹ̀ láti Éṣíà, Macrobrachium rosenbergii, tí wọ́n ń kú nínú omi dídùn. Ìgbà tó fi iyọ̀ sí omi náà, ní nǹkan bí ọdún 1961, ni wọ́n yè. Iṣẹ́ ìsìn edé tó ń bọ́ àìmọye ìdílé ní Éṣíà lónìí ti inú àwárí yẹn jáde. Bí Ling bá ti gbà pé ìdọ̀tí ló ń pa wọ́n, ì bá ṣì wà níbi tó ti ń fọ àwo. Ó wádìí ohun tí ọmọ náà nílò ní orírun rẹ̀, ó sì fún un.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ “ó dọ̀tí” ń dí lọ́nà. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti rí ẹni di ẹ̀bi rù, wọn kò ní wo ẹnu ẹ̀rọ asẹ́ tó ń fa ọmọ wọlé, èyí tí fóómù kékeré lórí ẹnu rẹ̀ ì bá dá dúró. Wọn kò ní wo ẹja tí wọ́n kó mọ́ edé, tó ń gbé ọmọ mì ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bí i. Wọn kò ní ka ohun tó wà lára ìgò oògùn ẹja, kí wọ́n rí i pé bàbà wà nínú rẹ̀, tí bàbà sì jẹ́ májèlé fún edé. Ó burú jù pé wọn kò ní rántí otapiápiá tí wọ́n fín sí yàrá lálẹ́ àná. Edé àti kòkòrò jọ tan. Oògùn tó ń pa aáyán àti ẹ̀fọn ń pa edé, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sì lè fa á láti inú yàrá bọ́ sínú omi. Ẹni tó fín oògùn lálẹ́, tó bá òkú edé láàárọ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ òkúta, ti jẹ́ kí apànìyàn gidi jókòó sílé.

Àwọn tó ń ta edé ni ẹ̀bi èyí wà lọ́rùn wọn jù. Kò tọ́ kí wọ́n ta táǹkì àti edé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n tún máa ta oògùn omi fún un nígbà tó bá padà wá sunkún. Ohun tí ẹni náà nílò kò wọ́n: táǹkì bíi lítà 40, iyanrìn, ewé omi, ewé fúrúùtù gbígbẹ mélòó kan, fóómù tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré ń fà, omi tí ooru rẹ̀ kò ga ju bí ìwọ̀n 26 ti Celsius lọ, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò ní kó nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn náà ni edé mẹ́wàá á wọlé. Bí ọmọ bá ṣì ń kú lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ó wọn amóníà àti nitrite, kí ó wo ẹnu ẹ̀rọ, kí ó fi tọ́ọ̀ṣì wá planaria lóru, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ará ilé ohun tí wọ́n fín. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ó fi ṣe ìkẹyìn.